Ìrìn-Àjò Mi sí Ìlú Fẹnu-Ara-Rẹ-Sọ

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Ọdẹ́lékè ni a jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn kan ń pa ẹ̀gúsí, àwọn kan kàn ń wo ẹ̀gúsí. Akínbọ̀dé káfíńtà tẹ́ ìwé kan sórí itan rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ẹlẹ́kún lé lọ́wọ́. Ìjọba ló fi ìwé náà ránṣẹ́. Wọ́n ní kí olúkúlùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó wọlé fún un láàárín ọdún, kí wọ́n lè mọ owó-orí tó tọ́ sí i, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ fún ìwé náà lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ tirẹ̀.

"Èmi ò lè kọ ọ́," ni Akínbọ̀dé wí. "Ó gùn ju àkàbà lọ. Ọ̀la ni mo máa gbé e fún àwọn ọmọkùnrin tó ń jókòó lábẹ́ igi lẹ́yìn ọ́fíìsì, tí wọ́n ń bá ènìyàn kọ ọ́. Iye tí wọ́n bá pè ni n ó san."

Ìyá Ríkẹ́, tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ lọ, ní, "Ìwọ tí o ń wọn pákó fún gbogbo ìlú, o ò lè wọn ara rẹ?"

"Ìyá, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbí: ta ló ń jẹun lọ́wọ́ rẹ? Kí ló kàn wọ́n níbẹ̀?"

Bàbá Ọdẹ́lékè, tí gbogbo wa rò pé ó ti sùn, ṣí ojú kan. Ó ní ìbéèrè yẹn gan-an ló gbé òun rìn dé ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í dé. Ó ní kí a súnmọ́ òun. Bí ó ti sọ ọ́ nìyí:

Ẹni tó bá fẹ́ fi etí jẹun, kó ṣí etí rẹ̀ bí a ti ń ṣí ìkòkò. Ẹni tó bá fẹ́ sùn, kó tètè sùn báyìí, nítorí ẹni tó bá sùn sáàárín ìtàn ọdẹ, inú igbó ni yóò jí sí.

Èmi ni Ọdẹ́lékè ọmọ Ọdẹ́gbàmí. Èmi ni ẹkùn rí tó yà fún lọ́nà. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n... Ìyá Ríkẹ́, ẹfọ̀n mélòó ni mo máa ń sọ pé mo pa?

"Méje ni, Bàbá. Nígbà tí ẹ mu ẹmu lọ́jọ́sí, ó di mẹ́sàn-án."

Ẹ ṣé. Ọ̀kan ni. Ó sì ti ń tiro kí n tó rí i. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ máa tó gbọ́ ibi tí mo sọ àwọn yòókù nù sí.

Nígbà náà, ojú mi ríran, ọrùn mi le, bí mo bá sì fọn fèrè nínú igbó, àwọn ẹyẹ á dúró gbọ́ orin tó kàn. Mo ní ìyàwó kan, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ó bímọ fún mi. Ìyá mi tí ojú rẹ̀ ti fọ́ wà lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ ni ó fi ń wá àwo rẹ̀ nídìí ààrò. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, nígbà tí ilá ń yọ òdòdó, Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Mo sin ín. Mo padà sí igbó ọdẹ.

Ẹ máa rò pé mo sunkún. N kò sunkún. Ṣé ẹ mọ bí ènìyàn ṣe máa ń jókòó lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí ẹsẹ̀ náà á fi kú, tí ó bá fọwọ́ kàn án, á dà bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni? Bí gbogbo ara mi ti rí nìyẹn. Mò ń jẹun, n kò mọ adùn rẹ̀. Mò ń pa ẹran, n kò mọ ohun tí mo pa títí mo fi gbé e délé. Bí àwọn ọmọ bá ké "Bàbá!", màá wo ẹ̀yìn kí n lè mọ ẹni tí wọ́n ń pè.

Ní ọjọ́ kan, mò ń yan ẹran lórí iná lẹ́yìn ilé nígbà tí nǹkan kan ti inú igbó jáde. Ẹ̀yìn ló ní níwájú, ẹ̀yìn náà ló ní lẹ́yìn. Etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò. Ìgbálẹ̀ ló mú lọ́wọ́, ó ń fi gbá ipa ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nù bí ó ti ń bọ̀. Ọdẹ mìíràn ìbá ti sá. Èmi ò sá. Ẹ má yìn mí o. Ẹsẹ̀ tó ti kú kì í sáré.

Ó ní, "Ìwọ ni Ọdẹ́lékè?"

Mo ní, "Èmi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀."

Ó ní, "Onígbó ní kí n kí ọ. Ó ní láti ìgbà tí o ti ń jẹ nínú igbó òun, o kò wá fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tó wọlé fún ọ rí. Ẹni tí kò bá wá sọ tirẹ̀, a máa ń fojú díwọ̀n rẹ̀ ni. A sì ti fojú díwọ̀n tìrẹ. Ọkùnrin kan, ẹnu kan, ó ń dá jẹun. Ẹran kan tó ẹni tó ń dá jẹun fún ọdún kan. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá lè rọ̀ kí o tó wá sọ ohun mìíràn, ẹran kan náà ni wàá máa rí lọ́dọọdún. Àwọn yòókù á wà nínú igbó, wọn á máa jẹko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ kò ní rí wọn."

Ó gbá ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ó wọ igbó lọ. Mo wo àwọn ọmọ tó ń jà sí egungun. Mo wo ìyá mi tó ń fọwọ́ wá àwo. Ẹran kan lọ́dún. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Mo jókòó, mo dúró de ẹ̀rù náà. Nígbà tí kò dé, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo sì lọ láìsí i.

Ẹ má bi mí ní ọ̀nà tí mo gbà. Ọ̀nà ìlú iwin kì í dúró de ẹni méjì. Mo ṣáà rìn títí àwọn igi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Ìrókò kan ń sọ fún èkejì rẹ̀ pé, "Òun nìyẹn, ẹni tó ń dá jẹun." N kò dá a lóhùn. Bí ènìyàn bá ń dá gbogbo igi lóhùn, kò ní dé ibi tó ń lọ.

Mo dé etí odò kan tí kò ní afárá, tí kò sì ní ọkọ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kan tó tóbi bí àkìtàn jókòó sí bèbè rẹ̀, ó ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́. Mo wọ inú omi. Kókósẹ̀ ló dé.

Ọ̀pọ̀lọ́ ní, "Ọdẹ, kí lo ti pa rí?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Ẹni tó bá bi ọdẹ ní ohun tó pa, ó dà bí ẹni bi ìyá ìyàwó ní ìwà ọmọ rẹ̀. Ẹnu mi ti ṣí kí ọkàn mi tó mọ̀. Mo ní, "Mo pa ẹfọ̀n méje." Omi ru dé orókún mi. Mo ní, "Mo pa erin nígbà tí n kò tí ì hu irùngbọ̀n." Omi dé ìbàdí. Mo ní, "Mo fi ọwọ́ òsì di ẹkùn ní ìrù mú, mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ iṣu." Omi dé àgbọ̀n.

Ọ̀pọ̀lọ́ ní, "Máa wí lọ. Ó dùn létí."

Mo dúró síbẹ̀, omi ń lá mi létè. Kò bà mí lẹ́rù. Mo tilẹ̀ rò ó pé ibẹ̀ kò burú jù láti dúró sí. Omi náà tutù, kò sì bi mí léèrè ohun kan. Ìgbà náà ni mo rántí ọwọ́ ìyá mi tó ń wá àwo. Mo ní, "Ẹkùn yẹn, òkèèrè ni mo ti rí i." Omi sọ̀ dé àyà. Mo ní, "Bàbá mi ló pa erin. Èmi jẹ níbẹ̀ ni." Omi sọ̀ dé orókún. Mo ní, "Ẹfọ̀n náà, ọ̀kan ni."

"Ọ̀kan péré?"

"Ó ń tiro."

Odò náà gbẹ pátápátá. Mo rìn kọjá, ẹsẹ̀ mi kò rin. Ọ̀pọ̀lọ́ pòṣé lẹ́yìn mi. Ó ní, "Ìwọ yìí ò dùn ún bá ṣeré."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá díẹ̀ padà nínú àwọn ẹfọ̀n yẹn," ni Akínbọ̀dé wí. "Ìtàn náà ti ń rù."

Lọ gbà wọ́n lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọ́. Jẹ́ kí n máa bá tèmi lọ.

Lẹ́yìn odò ni mo ti gbọ́ ariwo. Níwájú ibodè ìlú náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Fẹnu-Ara-Rẹ-Sọ, àwọn iwin kan tẹ́ ẹní lọ bẹẹrẹbẹ. Ẹnu wà lójú wọn, ẹnu wà níkùn wọn, ẹnu wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ẹlẹ́nu-Ọ̀yá ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí wọ́n ti rí mi ni gbogbo ẹnu náà là lẹ́ẹ̀kan náà.

"Bàbá ọdẹ! Ẹ kú ìrìn! Ibí ni, ibí ni!"

"Ẹ má dá a lóhùn, Bàbá, èémí rẹ̀ ń rùn. Èmi ni mo bá ẹ̀gbọ́n yín sọ tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá."

"Ẹ wo bó ti rẹ̀ wọ́n! Ẹ jókòó, ẹ na ẹsẹ̀. Ẹ ò ní sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan."

Èyí tó sanra jù nínú wọn fà mí lápá. Ẹnu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ sí mi lára bí ó ti dì mí mú. Ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ inú ilé yẹn le. Ìbéèrè lórí ìbéèrè. Ẹni tó bá ṣì í sọ, ó gbé. Ẹ jẹ́ kí n wọlé lọ bá yín sọ ọ́. Kí ẹ tó jẹ obì kan tán, mo ti padà."

Mo ní, "Kí lẹ máa gbà?"

"Owó? Rárá o. Kí la fẹ́ fi owó ṣe nínú igbó? Orúkọ kan péré ni. Orúkọ ẹnì kan nínú àwọn tí ẹ máa ń pè nílé. Ẹ gbé e fún wa, ó di tiwa, ẹ ò ní lè pè é mọ́." Ó fi ẹnu ikùn rẹ́rìn-ín. "A ò ní kí ẹ mú orúkọ ọmọ wá. Ṣé ẹ ò ní òkú kan nílé ni? Kí ni ẹ fẹ́ fi orúkọ òkú ṣe? A pè é, kò jẹ́. A ò pè é, kò bínú."

Ẹ gbọ́ o. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo rò ó. Ó ti pẹ́ tí mo ti pe Àwẹ̀ró. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, orúkọ náà wà lẹ́nu mi bí òkúta inú oúnjẹ. N kò gbé e mì, n kò sì tu ú jáde. Ó rẹ̀ mí. Mo ní kí ló kù tí mo tún fẹ́ fi ṣe? Mo ti la ẹnu.

Ọkùnrin kan ń bẹ tó fẹ̀yìn ti ògiri ibodè, ọdẹ bíi tèmi, ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ ti gbó lára rẹ̀. Kújọrẹ lorúkọ rẹ̀, ó wá láti abúlé kan ní ìsàlẹ̀ odò wa. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi. Mo bi í pé, "Ṣé wọ́n ti bá ọ sọ tìrẹ rí?"

Ó ní, "Lọ́dún tó kọjá."

"Orúkọ ta lo fún wọn?"

"Orúkọ ìyá mi."

"Kí lorúkọ ìyá rẹ?"

Kújọrẹ la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún un là, bí ẹja tí a jù sórí ilẹ̀. Ó ní, "Ó pupa. Iyọ̀ máa ń pọ̀ nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ń bọ̀ láti oko, ó máa ń... wọ́n máa ń kí i pé... wọ́n á ní..." Kò rí i sọ.

Mo ní, "Ṣé wọ́n tilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ rẹ bó ti rí?"

"Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ fún gbogbo wa, kí wọ́n lè tètè padà sórí ẹní wọn. Ọkùnrin kan, ẹnu kan, ó ń dá jẹun. Ilé mi kún, ọ̀rẹ́, ẹran kan ṣoṣo ni mo sì rí pa láti ìgbà náà. Lọ́dún yìí, mo wọlé fúnra mi, mo sọ ọ́ fúnra mi. Wọn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ọ̀fẹ́ ni, ọ̀fẹ́ náà ló sì jẹ́ látijọ́."

"O ti sọ tìrẹ tán, kí lo wá ń dúró ṣe?"

Ó wo àwọn Ẹlẹ́nu-Ọ̀yá. "Mo ní bóyá wọ́n á dá a padà," ni ó wí.

Mo pa ẹnu mi dé. Ẹni tí iná jó ìyẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kì í fi tirẹ̀ yá iná. Bí mo ti ja apá mi gbà báyìí, gbogbo ẹnu náà di èébú: "Ọdẹ ahun! Ẹ wá wo ọdẹ ahun! Orúkọ òkú ló ń ṣahun sí!" Bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí òrùlé ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ.

Oníbodè kan ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, orí ìka ẹsẹ̀ kan ló dúró lé. Ó ní òun kì í jẹ́ kí ènìyàn kọjá láìjẹ́ pé ó já àlọ́ òun. Mo ní kó pa á. Ẹ má gbàgbé pé èmi Ọdẹ́lékè ni mo já àlọ́ iwin kan títí ó fi ta orí rẹ̀ fún mi... ó dára, ó dára, àlọ́ ọmọdé ni, iwin náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́n.

Oníbodè ní, "Kí ni ohun tó jẹ́ ẹyọ kan nígbà tó wà nínú ilé, tó jáde tán, tó di gbogbo ilé?"

Mo wò ó. Ilé mi láti ọjọ́ tí a ti gbé òkú jáde ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Pa òmíràn."

Ó sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì kalẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọlé."

Mo ti retí ìtẹ́, mo ti retí idà. Yàrá kékeré kan ni mo bá, ilẹ̀ rẹ̀ mọ́, ó sì tutù. Arúgbó obìnrin kan jókòó sórí àpótí, ó ń jẹ orógbó, ìka ọwọ́ rẹ̀ gùn bí ẹsẹ̀ lékeléke. Ọpọ́n ayò kan wà níwájú rẹ̀, kò sí ọmọ ayò kan nínú rẹ̀. Ìyá Aláyò ni wọ́n ń pè é. Mo dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Dìde, ilẹ̀ tutù. Kí ló wọlé fún ọ lọ́dún yìí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Ìgalà tí mo pa létí àbàtà. Etu. Òyà tí mo dẹ pàkúté mú. Àwọn ọ̀kẹ́rẹ́. Bí mo ti ń dárúkọ ẹran ni ó ń mú ọmọ ayò nínú àpò rẹ̀, ó ń jù ú sí apá òsì ọpọ́n. Nígbà tí mo sọ tán, apá òsì kún dé etí. Mo wò ó, mo ní mo gbé. Mo ní bóyá ọ̀pọ̀lọ́ ló tàn mí jẹ.

Ìyá Aláyò ní, "Ìgalà yìí, ta ló gba itan rẹ̀?"

Mo ní, "Baálẹ̀ ni. Itan ẹran, ti Baálẹ̀ ni nílé wa."

Ó mú ọmọ ayò kan ní òsì, ó gbé e sí ọ̀tún. "Igẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ti Olúọdẹ."

Ó tún mú òmíràn. "Ọrùn?"

"Ti ẹni tó bá mi rù ú délé."

"Ẹ̀tù ìbọn rẹ, ta ló fún ọ?"

"Alágbẹ̀dẹ ni. Òyà yẹn ni mo fi san án fún un."

Ó pòṣé, ó kó gbogbo òyà náà lọ sí ọ̀tún. "Kí lo wá ń pè ní tìrẹ níbẹ̀? Ohun tó gba ọwọ́ ènìyàn kọjá kì í ṣe ohun tó dúró sí i lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọdẹ! Bí ẹ bá ń sọ fún ara yín, tiyín ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀rù á bà yín pé ẹ ní in."

Mo jókòó, mò ń wo ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fi ń gbéraga wà lápá òsì, ó ń ṣí lọ sápá ọ̀tún lẹ́yọ lẹ́yọ. Èyí tó dúró kò pọ̀. Kò dùn mí. Mò ń wò ó bí ẹni tó ń wo ẹrù ẹlòmíràn lórí ọkọ̀.

"Ó ku ẹyọ ìbéèrè kan," ni ó wí. "Mélòó ni àwọn tó ń jẹun lọ́wọ́ rẹ?"

Mo dákẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Kí n tó mọ ọ̀nà oko ni ìyá mi ti kọ́ mi pé ẹni tó bá ń ka ọmọ, ohun tí ojú kò rí ń bá a kà, ó sì lè mú ọ̀kan níbẹ̀ kí iye náà má baà pé. Èmi tí ikú wọ ilé mi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kà, ṣé èmi ni n ó wá ka àwọn tó kù sí etí iwin, nínú ilé iwin?

Mo ní, "Wọ́n pọ̀, ìyá."

"Púpọ̀ kì í ṣe ẹnu."

"Ilé mi kún."

"Ilé èkúté náà kún."

"A kì í kà wọ́n ni, ìyá."

Ó ní, "Bí o kò bá sọ, ọ̀kan ni. Bí a ti fojú díwọ̀n rẹ náà ni. Ṣé o ń gbọ́ ohun tó ń bẹ lókè?"

Mo gbọ́ ọ. Àrá ń kù lọ́nà jíjìn. Atẹ́gùn wọlé, ó ní òórùn ilẹ̀ tútù nínú. Mo rí ojú àwọn ọmọ yí iná ká, mo rí ẹran kan ṣoṣo lórí iná náà, ọdún sì gùn lọ rẹrẹ níwájú rẹ̀. Síbẹ̀ ẹnu mi kò là.

Ìyá Aláyò tu èèpo orógbó sílẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ, ta ní kí o kà wọ́n? Kíkà, iṣẹ́ tèmi ni. Èmi ò sì ní ọmọ tí wọ́n lè fi gbẹ̀san lára mi. Ìwọ ṣáà pè wọ́n, bí o ti máa ń pè wọ́n wá sídìí oúnjẹ."

Ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo pè wọ́n. "Ìgè Àdùbí, tó fi ẹsẹ̀ wọ ayé, tó sì ń fi ẹsẹ̀ da ọbẹ̀ nù." Ọmọ ayò kan bọ́ sínú ọpọ́n, kó. "Òkè, kúrò lẹ́nu ìkòkò yẹn, a ò tí ì sọ̀ ọ́ kalẹ̀." Kó. "Ọmọ́pẹ́, tó pẹ́ nínú ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kó jáde nílé onílé." Kó. "Ìyá mi, ọmọ àgbẹ̀dẹ, ẹ jókòó, àwo yín wà lápá ọ̀tún yín." Kó.

Ó mú ọmọ ayò mìíràn dání lókè ọpọ́n. Ó ní, "Ó tán?"

Mo ní, "Ó tán."

Kò jù ú sílẹ̀, kò sì dá a padà. Ó ní, "O mí kí o tó sọ ọ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá tán kì í mí bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Ẹnì kan wà. Ó ti kú."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí ilá ń yọ òdòdó."

"Ilá ọdún yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló jẹ lọ́wọ́ rẹ kẹ́yìn?"

Kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó wá kí mi nílé, ikú ni wọ́n ń béèrè; kò sí ẹni tó béèrè oúnjẹ. Mo ní, "Ògì gbígbóná ni. Èmi ni mo pò ó. Ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó ní kò dùn, ó ní bí ọdẹ bá po ògì, ẹ̀tù ìbọn ló máa ń rùn. Ó rẹ́rìn-ín. Kò mu ún mọ́."

"Ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹ̀ẹ̀kan."

"Ó tó. Ẹni tó bá jẹ òkèlè kan nínú ọdún, ọdún náà ló jẹ. Bí òfin igbó ti wí nìyẹn. Èmi kọ́ ni mo ṣe é, kì í sì í ṣe tìtorí rẹ ni wọ́n ṣe ṣe é. Pè é."

Mo ní, "Àwẹ̀ró."

Ohùn mi dà bí ohùn ẹni tó ń béèrè ọ̀nà. Ọmọ ayò náà bọ́ sínú ọpọ́n. Ìró rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù.

Ìyá Aláyò ní, "Lọ́dún tó ń bọ̀, o kò ní lè pè é níbí. Ìwọ náà mọ̀."

Mo ní, "Mo mọ̀."

"Pa ẹran tó tó àwọn ẹnu tí o pè. Èyí tó bá ṣẹ́kù, fi sílẹ̀ nínú igbó. Ohun tí Onígbó ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn nìyẹn. Máa lọ."

Mo bi í pé, "Kí ni n ó san fún yín, ìyá?"

"Nítorí kí ni? Ṣebí ìwọ lo sọ ọ́."

Mo gbé ẹsẹ̀ kan síta báyìí ni àkọ́rọ̀ òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Kújọrẹ ṣì fẹ̀yìn ti ògiri, omi ń ṣàn lórí rẹ̀. Mo ní kó bá mi ká lọ. Ó ní òun á dúró díẹ̀ sí i.

Mo délé. Igbó là mí lójú. Ìgalà rèé, etu rèé, bí wọ́n ti máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ìyá mi rí ẹran nínú àwo rẹ̀. Àwọn ọmọ jà sí egungun. Ara mi ṣì kú síbẹ̀. Mo ní bóyá bó ṣe máa ń rí nìyẹn títí ayé, mo sì ń ṣe iṣẹ́ mi lọ.

Ọdún yí po. N kò dúró de onígbálẹ̀; mo gbọ̀nà. Odò ọ̀pọ̀lọ́ kò ga ju kókósẹ̀ lọ, àfi ìgbà kan tí mo sọ pé etu kan sanra bí ewúrẹ́. Ìyá Aláyò bi mí, mo dáhùn. Ó ṣí ọmọ ayò láti òsì sí ọ̀tún. Ó ní kí n pè wọ́n. Mo pe Ìgè. Mo pe Òkè. Mo pe Ọmọ́pẹ́. Mo pe ìyá mi. Ó mú ọmọ ayò kan dání lókè ọpọ́n.

"Ó tán?"

Ètè mi ti ká bí orúkọ náà ṣe máa ń ká a. Mo tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀. Mo ní, "Ó tán, ìyá."

Ó gbé ọmọ ayò náà dání díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dá a padà sínú àpò rẹ̀. N kò gbọ́ ìró kankan.

Mo jáde dé ẹnu ibodè, n kò lè rìn mọ́. Ṣé ẹ rántí ẹsẹ̀ tó kú tí mo sọ fún yín? Bí ó ti kú yẹn, kì í dun ni. Ìgbà tó bá ń jí ló máa ń ta ni bí ìgbà tí èèrùn ń jẹ ènìyàn, tí ènìyàn á di ohun tó bá wà nítòsí mú, tí á máa ké. Mo di ògiri mú. Igbe tí mo ké lọ́jọ́ náà, àwọn Ẹlẹ́nu-Ọ̀yá gan-an pa gbogbo ẹnu wọn dé.

Ẹ má bi mí ní ohun tó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ibi tí ẹsẹ̀ mi dé nìyẹn, ẹnu mi kì í sì í ṣáájú ẹsẹ̀ mi lọ mọ́.

Ibẹ̀ ni Bàbá Ọdẹ́lékè parí ìtàn rẹ̀ sí. Ẹ̀gúsí kò dún lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá yíjú sí Akínbọ̀dé.

"Bàbá rẹ tí a sin nígbà ìkórè àgbàdo, ta ló ń fún un lóúnjẹ kó tó kú?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ṣé kò jẹun lọ́wọ́ rẹ lọ́dún yìí ni?"

Akínbọ̀dé wo ìwé orí itan rẹ̀. "Ó jẹ," ni ó wí.

"Èmi ò mọ̀ bóyá ìwé ìjọba ní àyè fún irú rẹ̀. Bi wọ́n léèrè. Ṣùgbọ́n má lọ jẹ́ kí ẹni abẹ́ igi kọ ọ́ síbẹ̀ pé o ń dá jẹun."

Akínbọ̀dé na ọwọ́ sí etí rẹ̀, ó yọ pẹ́ńsùlù tó fi ń fa ìlà sára pákó, ó sì fi ahọ́n kan orí pẹ́ńsùlù náà.

"Bàbá, kí ni mo máa kọ́kọ́ kọ?"

"Orúkọ ara rẹ."

Ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ó mí kí ó tó kọ èyí tó tẹ̀ lé e.